Èmi Ni Mo Sọ Ọkọ Mi Di Ẹnjiníà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì káàánú mi. Ẹ kà á tán ná. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ọkọ mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bú. Bí mo bá sọ ọ́ síwájú díẹ̀, wọ́n á yíjú sí èmi. Wọ́n sì jàre.

Ọ̀dà ni ọkọ mi ń tà. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàrin funfun ẹyin àti funfun wàrà, ẹ wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi ń fọ aṣọ nílé ìwòsàn, ọ̀sán ni mo máa ń wọṣẹ́. Àwọn ìbejì wa ti wà nílé ọkọ. Ó ku èmi àti bàbá wọn nílé, àti ariwo ẹnu rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọkọ mi ò mọ̀ nípa mi. Bàbá tó bí mi, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń ṣe é, èmi ni mo sì máa ń mú sùpánà lọ́wọ́ fún wọn, títí ó fi di pé tí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ, wọn ò ní tíì jẹun tán tí màá fi tú ìdí ẹ́ńjìnnì tí màá sì tò ó padà. Ìyá mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. "Ọmọbìnrin tí ọ́ìlì dúdú wà léèékánná rẹ̀," wọ́n á ní, "ta ni yóò fẹ́ ẹ?"

Bàbá mi ti kú, a sì ti kó kúrò létí odò kí ọkọ mi tó wá tọrọ mi. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀, ìyá mi ní kí n fọ ọwọ́ mi dáadáa. Mo fọ̀ ọ́. Mo fọ ẹnu mi náà mọ́ ọn, mi ò sọ ọ́ rí.

Nígbà tó yá, ọkọ mi ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan, torí ìyá rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì odò, ọ̀nà tó yí gba orí afárá sì jìn. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọkọ mi tú ọ́ìlì ìdí rẹ̀ jáde, ọ́ìlì funfun bí omi ẹ̀kọ.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á ti mọ̀ pé omi ti wọlé. Ìdí ẹ́ńjìnnì yẹn, apá tó máa ń wà nínú omi níbi tí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ wà, gíà ló wà nínú rẹ̀, inú ọ́ìlì ni gíà náà sì ti ń yí. Rọ́bà róbótó kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí omi má wọlé. Tí rọ́bà bá gbó, omi á bá ọ́ìlì gbé, gíà á sì bàjẹ́.

"Ooru ló mú un láàgùn," ọkọ mi wí.

"Ṣé ká má gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe?"

"Kí wọ́n lè rí mi jẹ? Ìyá Ìbejì, kí ni wọ́n mọ̀ tí mi ò mọ̀? Mo ti wo fídíò rẹ̀."

Ó gbé e wọ ilé ìdáná mi. Ó fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì tí a fi ń jẹun. Abọ́ tí mo fi ń ṣan ẹ̀fọ́ ló fi gba ọ́ìlì, ife tíì mi ló kó nọ́ọ̀tì sí. Ó tú u, ó nù ún, ó bá a wí, ó tò ó padà. Nígbà tó tò ó tán, nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́ kù nínú ife.

"Èyí ńkọ́?" mo bi í.

"Ènì ni," ó ní. "Àwọn tó ṣe é máa ń fi lé e ni."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi ka ìyẹn kún ìwà rere mi, torí kò sí òmíràn níwájú.

Bó ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì náà. Mo kàn fẹ́ fi nọ́ọ̀tì méjì yẹn sáyè wọn ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í mọ ibi tí yóò dúró. Mo tú u. Mo bá rọ́bà gbígbó yẹn níbẹ̀, ọkọ mi ti nù ún kó máa dán, ó sì ti dojú rẹ̀ sẹ́yìn. Mo lọ ra tuntun, mo fi sí i, mo rọ ọ́ìlì tuntun sí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, mo dè é. Nígbà tí mo débi iṣẹ́, mo fi bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ aláìsàn bọ́ ọ́ìlì kúrò léèékánná mi.

Nígbà tí ọkọ mi gbé e sómi, ẹ́ńjìnnì dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ológbò tó yó. Ó wa ọkọ̀ lọ, ó wà á bọ̀, ó dúró ṣánṣán nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ère rẹ̀. Èmi wà létí odò, mò ń pàtẹ́wọ́.

Mo lè sọ fún yín pé ìfẹ́ ló mú mi dákẹ́. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó dùn mọ́ mi. Bó ṣe ń fẹ́ra ni mò ń rẹ́rìn-ín nínú ikùn mi. Òmùgọ̀ kan ń bẹ nínú ilé yẹn, èmi kọ́.

Apẹja kan ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wá. "Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ pé ọwọ́ yín mọ́ nídìí iṣẹ́ yìí." Ọkọ mi ní kó gbé e sílẹ̀. Ó tú u nírọ̀lẹ́, mo tún un tú láàárọ̀. Apẹja sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ sọ fún àna. Kò pẹ́ tí wọn ò fi pè é ní Bàbá Ìbejì mọ́. Ó di Ẹnjiníà.

Ó wá ra aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ofaróòlù aláwọ̀ búlúù kan tí àpò wà lára rẹ̀ láti ọrùn dé orúnkún. Ó ń yan fanda nínú rẹ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì. Sùpánà kan máa ń yọjú nínú àpò àyà rẹ̀ bí gègé akọ̀wé, mi ò sì rí ọjọ́ tí sùpánà yẹn bá nọ́ọ̀tì kankan mu.

Gbogbo àárọ̀ kó tó jáde, á dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Ìbejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan yẹn o. Mi ò ní í dé títí di ìrọ̀lẹ́."

"Mo ti gbọ́."

"Títí di ìrọ̀lẹ́ o."

Mo rò pé ó ń kìlọ̀ fún mi ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ń burú sí i. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń gbìyànjú láti tò ó padà. Nígbà tó yá, á kàn kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé ìròyìn, gíà lọ́tọ̀, rọ́bà lọ́tọ̀, á ní òun fẹ́ kó "gbatẹ́gùn". Nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, "O ò rí i bí mo ṣe tò ó?" Èmi tí mo tò ó á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà." Mo rò pé ìgbéraga ló ti ra á níyè débi pé kò rántí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Mo tilẹ̀ ń káàánú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá sọ́dọ̀ wa. Àǹtí ni mo máa ń pè é. A fẹ́ jọ wọkọ̀ sọdá odò lọ mú Màmá, ìyá wọn, kí wọ́n wá lo ìgbà díẹ̀ nílé wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kọlu òkúta, pínnì rẹ̀ kán. Pínnì yìí, irin kékeré kan ni, kò gùn ju ìka ọmọdé lọ. Òun ló so abẹ̀bẹ̀ mọ́ irin tó ń yí i. Wọ́n ṣe é kó máa kán tí nǹkan bá gbá abẹ̀bẹ̀, kí gíà lè yè.

Ọkọ mi ní òun ti pààrọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀, bí mo ṣe ń gbálẹ̀ ilé ìdáná, mo rí pínnì tuntun náà nínú ọ̀rá rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo tún rí orí ìṣó kan tí wọ́n fi ayùn irin gé kúrò lọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ yé mi lójú ẹsẹ̀. Kò rí pínnì, ó fi ìṣó rọ́pò. Ìṣó tí wọ́n fi ń kan pákó. Ọkọ̀ sì ti wà lómi, ẹ́ńjìnnì ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. "Ẹ dúró ná." Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo ń wọ yàrá ìgbàlejò láti sọ ọ́ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń bá Àǹtí sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ìyá Ìbejì tó ń rí i lójoojúmọ́ yìí, ẹ fún un ní sùpánà, á fi ro ọbẹ̀."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi yíjú, ó rí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì mójú kúrò lójú mi títí ó fi rẹ́rìn-ín tirẹ̀ tán.

Mo ti pínnì bọ àpò.

Ohun tí mo rò nìyí. Ìṣó yẹn ò ní í gbé wa kúrò létí odò kó tó kán. Ọkọ̀ á dúró. Àǹtí á wo ọkọ mi, ọkọ mi á wo ojú ọ̀run. Nígbà náà ni màá yọ pínnì, màá tún un ṣe níṣojú wọn, màá wá bi í bóyá ọbẹ̀ náà ti jinná.

Àǹtí bèèrè bóyá a mú àjẹ̀ tí a lè fi wakọ̀ dání. "Ọkọ̀ tí èmi fọwọ́ ara mi tún ìdí rẹ̀ ṣe," ọkọ mi ní, "kí ni yóò fi àjẹ̀ ṣe?" Ó fi í sílẹ̀ nílé.

Ìṣó ò kán. Ó gbé wa kúrò létí odò, ó gbé wa dé àárín, ó gbé wa gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Màmá. Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́, inú bí mi sí ìṣó.

Màmá ti múra sílẹ̀. Wọ́n di báàgì méjì, wọ́n gbé tìmùtìmù àga wọn dání, torí wọ́n ní àga wa le. Wọ́n fẹ́ràn mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, "ìyàwó mi" ni wọ́n ń pè mí, wọn ò pè mí ní ìyàwó ọmọ wọn rí. Wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wo omi tó ń ṣàn wìì, wọ́n wo ẹrù wọn.

"Ṣé èyí á gbé gbogbo wa ṣá?"

"Màmá, ẹ wọlé," ọkọ mi wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín ni."

Èmi ni Màmá kọjú sí. "Ìyàwó mi, ṣé kò séwu?"

Pínnì wà nínú àpò mi. Mo ń fi àtàǹpàkò yí i.

"Kò séwu, Màmá," mo ní.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n wọ ọkọ̀.

A ti dé àárín odò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣàdédé figbe ta bí ẹni tí wọ́n fi ata sójú, tí ọkọ̀ ò sì lọ mọ́. Ọkọ mi fún un níná, ariwo pọ̀ sí i. Ó dín iná kù, ariwo dín kù. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fẹ̀gbẹ́kan, omi ń wọ́ wa lọ sápá ibi tí afárá wà.

Ọkọ mi pa ẹ́ńjìnnì. Ó yíjú sí mi. Kò bínú rárá. Ìyàlẹ́nu ló wà lójú rẹ̀, bí ọkùnrin tó ṣí ìkòkò tí kò bá oúnjẹ.

"Ṣé o ò tún un tú lóru ni?" ó ní.

Omi nìkan là ń gbọ́.

"Tún kí ni tú?" Àǹtí bèèrè.

Mo yíjú sí ọkọ mi. "Ẹ mọ̀?"

"Mo ṣe máa ṣe é tí mi ò ní í mọ̀?" ó ní. "Nọ́ọ̀tì méjì wà nínú ife tíì ní alẹ́, mo dé ní ìrọ̀lẹ́ kejì, mo bá ife lófìfo. Ta ló kó o? Eku?"

Láti ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo "ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà" tí mò ń kí i, ó ń jẹ́ "o ṣeun" pẹ̀lú ojú tó là kedere. "Mi ò ní í dé títí di ìrọ̀lẹ́" tí mo pè ní ìkìlọ̀, ó ń sọ iye àkókò tí mo ní fún mi ni. Èmi tí mo ní òmùgọ̀ kan wà nínú ilé, mo ní èmi kọ́.

"Ẹ jẹ́ ká dé ilé ká tó jà," Àǹtí wí. "Ta ló lè tún un ṣe nínú yín?"

"Ẹ gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi," mo ní. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo yọ pínnì.

Ẹ ò rí i, mo ti fi ojú inú wo ìṣẹ́jú yẹn láti àárọ̀. Nínú ìrònú mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àǹtí wo pínnì náà. "Níbo lo ti rí ìyẹn?"

"Nílé ìdáná."

"Nígbà wo?"

Mo pa ọwọ́ dé mọ́ pínnì.

"O ti mọ̀ ká tó gbéra nílé," ó ní. Kì í ṣe ìbéèrè.

Màmá ò pariwo. Wọ́n di tìmùtìmù wọn mọ́ àyà, wọ́n ń wò mí. "Mo bi ọ́," wọ́n ní. "Ìyàwó mi, mo bi ọ́."

Mo na ara mi sẹ́yìn ọkọ̀, mo fa abẹ̀bẹ̀ yọ. Ìṣó tó kán ti wọ́ sínú ihò rẹ̀, kò jáde. Mo fi ẹ̀mú tí mo yọ nínú àpò ofaróòlù ọkọ mi fà á, ẹ̀mú ń yọ̀. Mo ti tún ìdí ẹ́ńjìnnì ṣe láìmọye ìgbà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, láìsí ẹni tó ń wò mí. Mi ò ṣe é rí pẹ̀lú ojú Màmá lẹ́yìn ọrùn mi. Ìṣó jàjà jáde. Mo mú pínnì láti fi bọ ihò, ọkọ̀ mì, pínnì bọ́. Ó dán lẹ́ẹ̀kan nínú omi, ó lọ.

"Àjẹ̀ dà?" Àǹtí ń pariwo. Gbogbo wa la mọ ibi tí àjẹ̀ wà.

Òpó afárá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ń fi ọwọ́ lásán wa omi bí ajá tó ń gbẹ́lẹ̀. Màmá ló sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó yẹn jù, wọ́n sì ṣe ohun tí gbogbo ìyá máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá ń bọ̀ wá lu ọmọ wọn: wọ́n na apá jáde kí wọ́n fi tì í.

Mo gbọ́ bí apá náà ṣe kán. Mò ń gbọ́ ọ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Apẹja tó kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì wá sọ́dọ̀ wa ló rí wa lábẹ́ afárá níbi tí ọkọ̀ ti há. Ó so wá mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ó fà wá lọ sétí odò. "Ẹnjiníà," ó ń bi ọkọ mi lójú ọ̀nà, "kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?" Ọkọ mi, tí ofaróòlù rẹ̀ rin gbindin, ní ọjà àwọn tó ń ta pínnì ò dára mọ́ láyé yìí.

Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni a gbé Màmá lọ. Wọ́n fi pílásítà funfun di apá wọn láti ìka dé òkè ìgúnpá. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ̀bẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá wo ọmọ wọn. "Ìwọ, mo mọ̀ ọ́," wọ́n ní. "Láti kékeré ni o ti ń jẹ ẹran inú ìkòkò tí o máa ń ní ológbò ni. Dìde." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo gbọ́ tí mo fi wọ ọkọ̀. Tìrẹ ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo wà níbi iṣẹ́, wọ́n kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọ̀ọ́dù wọn wá. Mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Màmá ò wá sílé wa. Ọ̀dọ̀ Àǹtí ni wọ́n gbà lọ nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Apá náà jinná, ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́, wọn ò lè gbé e dé orí wọn láti fi ya irun. Tí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n á bèèrè ìbejì, wọ́n á ṣàdúrà. "Ìyá Ìbejì" ni wọ́n ń pè mí báyìí.

Èmi àti ọkọ mi jà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu wa. "O ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ó ní. "Ẹ̀yin náà ń fi mí ṣe ọmọ ọ̀dọ̀," mo ní. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wa, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, wọ́n máa ń kọ́ wa pé ká bo ọkọ wa láṣìírí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bò ó, ẹ wò ó bóyá aṣọ ni ẹ fi ń bò ó, tàbí ẹ̀rín. Èmi fi ẹ̀rín bo tèmi. Ìyá rẹ̀ ló san gbèsè rẹ̀.

Mo ti gbé iṣẹ́ náà kúrò nílé ìdáná, mò ń ṣe é lẹ́yìnkùlé nísinsìnyí, lójúmọmọ, kẹ́ni tó bá ń kọjá máa wò mí. Èmi ni mò ń wọ ofaróòlù náà. Mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé ẹ́ńjìnnì wá láti òkè odò. Mo tú ìdí rẹ̀ níṣojú rẹ̀, mo fi ibi tí omi ń gbà wọlé hàn án, mo ní kó padà wá lọ́la. Ọkọ mi sìn ín dé ẹnu géètì. Mo wà ní ìdọ̀bálẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mò ń wá wáṣà kan tó bọ́, irin pẹlẹbẹ róbótó tó máa ń wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Iṣẹ́ yìí ti ń mọ́ ọn lọ́wọ́," ó ń sọ fún ọkùnrin náà. "Ó gbà mí lásìkò kí n tó kọ́ ọ."

Mo dìde. Mo nu ọwọ́ mi, mo rìn lọ bá wọn ní géètì.

"Bàbá tó bí mi ló kọ́ mi," mo sọ fún ọkùnrin náà. "Ọkọ mi ń ta ọ̀dà. Tí ẹ bá fẹ́ kun ọkọ̀ yín, ẹ wá bá wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí ẹ́ńjìnnì, wọn ò mọ̀ ọ́n."

Ọkùnrin náà wo èmi, ó wo ọkọ mi, ó ní òun á padà wá lọ́la. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó jẹun láìsọ̀rọ̀, ó gbé àwo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó fọ̀ ọ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó tù mí lára.